Kúáńtọ́mù: kí la lè bá ará òkèèrè ṣe, kí ló ń gba ìwé àṣẹ?

Ẹ fojú inú wo yàrá ìwádìí kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ohun mẹ́ta níwájú wọn. Àkọ́kọ́ ni àpilẹ̀kọ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde nínú jọ́nà sáyẹ́ǹsì. Ìkejì ni fáìlì kan nínú kọ̀ǹpútà, tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣíìpù tuntun kan fún kọ̀ǹpútà kúáńtọ́mù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: irin wo ni wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀, kí ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, báwo ni ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó. Ẹnikẹ́ni kò tíì rí i lẹ́yìn àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá yẹn. Ìkẹta ni fíríìjì kan tó ga ju ènìyàn lọ, tó ń mú kí ṣíìpù náà tutù ju òfuurufú tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ lọ.

Ojúgbà wọn kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn wá kọ ímeèlì sí wọn pé, "Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é." Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí i kí ilẹ̀ tó ṣú?

Àpilẹ̀kọ yẹn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gbogbo ayé ló ti lè kà á. Fíríìjì náà lè nílò ìwé àṣẹ ìjọba kó tó kúrò nílẹ̀, bó bá ti lágbára kọjá ìwọ̀n kan. Fáìlì yẹn gan-an ni wàhálà wà nínú rẹ̀, torí pé ìdáhùn rẹ̀ lè yí padà nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gba owó ìwádìí. À ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Láti 2024 ni mo ti ń gbọ́ táwọn ènìyàn ń sọ pé àwọn ìjọba ńlá ti "fòfin de kúáńtọ́mù," ìyẹn ìmọ̀ bí àwọn ohun tó kéré jọjọ bí átọ́ọ̀mù ṣe ń hùwà, tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ tuntun. Àwọn mìíràn tilẹ̀ rò pé ẹni tó bá bá ará Ṣáínà kọ àpilẹ̀kọ pọ̀ ti di arúfin. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìbéèrè mẹ́rin ni òfin ń béèrè: kí lo fẹ́ fi lélẹ̀, ta lo fẹ́ fún, ibo ló ń lọ, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Orúkọ "kúáńtọ́mù" lásán kò dáhùn ọ̀kankan nínú wọn.

Ohun tó ń ba àwọn ìjọba lẹ́rù

Kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ wa, bíìtì ló fi ń ṣírò, bíìtì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0 tàbí 1. Kúbíìtì, tí í ṣe bíìtì ti kọ̀ǹpútà kúáńtọ́mù, lè wà ní ipò tó pa 0 àti 1 pọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n. Ẹ ó ti máa gbọ́ pé ẹ̀rọ náà ń gbìyànjú gbogbo ìdáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àsọdùn ni. Ìgbì omi ni iṣẹ́ rẹ̀ jọ: ó ń darí ìṣirò kí àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà máa pa ara wọn rẹ́, kí èyí tó tọ̀nà sì máa ru sókè. Ìwọ̀nba iṣẹ́ díẹ̀ ni ọgbọ́n yìí bá mu. Àmọ́ ọ̀kan nínú díẹ̀ yẹn ni ṣíṣí àgádágodo tí gbogbo ayé fi ń ti ọ̀rọ̀ àṣírí pa.

Ní 1994, Peter Shor, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí kọ̀ǹpútà kúáńtọ́mù bá tóbi tó, yóò lè gba nọ́ńbà gbọọrọ kan, kó sì sọ àwọn nọ́ńbà tí wọ́n fi ìsọdipúpọ̀ bí i. Ó lè dà bí eré ọmọdé létí. Ṣùgbọ́n orí ìnira iṣẹ́ yẹn ni wọ́n kọ́ RSA lé, ìyẹn àgádágodo tí báǹkì, ímeèlì àti ọ̀pọ̀ ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì ti gbára lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2001, àwọn onímọ̀ ní IBM fi kúbíìtì 7 dán ọgbọ́n Shor wò. Nọ́ńbà tí wọ́n gbé fún ẹ̀rọ ni 15; ẹ̀rọ dáhùn pé 3 àti 5. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ti pariwo ìdáhùn yẹn kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ.

Títí di báyìí, kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣí àgádágodo gidi. Kí wá ló ń lé ìjọba léré? Ìdí kan ni pé ẹni tó bá jí ọ̀rọ̀ títì kó lónìí lè tọ́jú rẹ̀ pamọ́ títí ẹ̀rọ yẹn yóò fi dé. Ká ní àṣírí kan gbọ́dọ̀ pẹ́ ní ọdún 30, tí ẹ̀rọ sì dé lẹ́yìn ọdún 15, ọwọ́ ti tẹ àṣírí náà láti òní nìyẹn.

Ìdí kejì kò kan kọ̀ǹpútà. Ìmọ̀ kúáńtọ́mù tún ń ṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n tó ń fi átọ́ọ̀mù mọ ìyípadà kékeré nínú òòfà ilẹ̀ tó ń fa nǹkan wálẹ̀. Ní 2022, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Birmingham kéde nínú jọ́nà Nature pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ihò abẹ́ ilẹ̀ kan wà, níta gbangba, láìgbẹ́ ilẹ̀ rárá. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ kó tó kọ́lé á yọ̀ sí i. Ọmọ ogun tó ń wá ọ̀nà tí ọ̀tá gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ náà á yọ̀ sí i. Ẹ̀rọ kan náà ni, bí idà olójú méjì, irú ohun bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin ìkẹ́rù-ránṣẹ́-sókèèrè sì ń ṣọ́.

Nọ́ńbà 34

Àdéhùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Wassenaar Arrangement, tó ti wà láti 1996. Ìlú kan ní Nẹ́dálándì ni Wassenaar. Orílẹ̀-èdè 42 ló wà nínú àdéhùn náà, wọ́n jọ ń kọ àkójọ ohun tó yẹ kí olúkúlùkù wọn máa ṣọ́ bó bá ń jáde lọ sókèèrè. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí ohun tuntun tó wọ inú àkójọ, Rọ́ṣíà sì wà lára wọn. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní 2022, ẹ̀yin náà mọ bí ìfohùnṣọ̀kan yóò ṣe rọrùn tó.

Báyìí ni àwọn kan nínú wọn ṣe lọ kọ òfin tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀rọ̀ inú wọn sì jọra bí ìbejì. Sípéènì ṣe tirẹ̀ ní 2023. Faransé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà tẹ̀ lé e ní 2024, Amẹ́ríkà sì gbé tirẹ̀ jáde ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Kúbíìtì 34 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìròyìn dúró sí: ẹ̀rọ tó bá ní kúbíìtì 34 sókè ti di èèwọ̀. Wọ́n fo ìdajì kejì gbólóhùn náà. Òfin tún ń béèrè bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣàṣìṣe tó nígbà tó bá ń ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní C-NOT, níbi tí kúbíìtì kan ti ń pinnu bóyá èkejì yóò yí padà.

Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ mẹ́ta kalẹ̀. Ẹ̀rọ kìíní ní kúbíìtì 50, ó sì ń ṣàṣìṣe ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,000. Kò sí nínú àkójọ, nítorí pé bí kúbíìtì kò bá tó 100, àfi kí àṣìṣe má ju ẹ̀ẹ̀kan nínú 10,000 lọ kí òfin tó kà á sí. Ẹ̀rọ kejì ní kúbíìtì 150, àṣìṣe tirẹ̀ náà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,000. Òfin mú un, torí pé láti 100 sí 199, ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,000 ni ààlà. Ẹ̀rọ kẹta ní kúbíìtì 1,500, ó sì ń ṣàṣìṣe ẹ̀ẹ̀kan nínú 100. Ó tóbi ju àwọn méjì yòókù lọ fíìfíì, síbẹ̀ òfin ò mú un: láti 1,100 sí 1,999, àṣìṣe tó bá ju 6 nínú 1,000 lọ ti yọ ẹ̀rọ kúrò. Ìgbà tí kúbíìtì bá pé 2,000 ni òfin kò béèrè àṣìṣe mọ́. Ẹ̀rọ ti wọ àkójọ nìyẹn, bó ti wù kó burú tó.

Mo gbà pé làákàyè wà nínú rẹ̀. Kúbíìtì 1,000 tó ń ṣì í ṣe lọ́tùn-ún lósì kò sàn ju ẹgbẹ́ akọrin 1,000 tí olúkúlùkù ń kọ orin tirẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 34? Òfin kò kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà lásán ṣe àfarawé kúbíìtì á mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ. Láti kọ ipò kúbíìtì 34 sílẹ̀ tán, nọ́ńbà 17,179,869,184 la máa tọ́jú. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 16, bíi gígábáìtì 275 nìyẹn, kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo sì lè gbé e. Fi kúbíìtì kan kún un, iye náà di ìlọ́po méjì. Kó tó dé 50, ó ti di mílíọ̀nù gígábáìtì lọ́nà 18. Ó túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà lásán ṣì lè bá ẹ̀rọ kúbíìtì 34 rìn dọ́gba. Wọ́n ṣe ọgbà náà jìnnà sí ilé dáadáa, kí olè tó débẹ̀ ajá ti gbó.

Fíríìjì wa ńkọ́? Òfin Amẹ́ríkà ń wo ohun mẹ́ta lára rẹ̀ pọ̀: ìtutù tó dé ìwọ̀n 0.1 K tàbí tó kéré sí i (ìyẹn ìdámẹ́wàá dígírì kan sí ibi tí òtútù parí sí, -273.15 °C), agbára ìtutù tó tó máíkírówáàtì 600 níbẹ̀, àti pé ó lè wà bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 48 lọ. Ọ̀pọ̀ fíríìjì kéékèèké inú yàrá ìwádìí kò tó bẹ́ẹ̀ lágbára. Àwọn tó ń fi irú fíríìjì ńlá yìí wá ohun tí kò kan kọ̀ǹpútà rárá, bí àwọn tó ń ṣọ́dẹ ohun òkùnkùn tó kún àgbáńlá ayé (tí wọ́n ń pè ní dark matter), náà lè bọ́ sínú àwọ̀n yìí, kí wọ́n máa gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tí kò ní í rí kúbíìtì láéláé. Ó ń bí àwọn kan nínú, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

Fáìlì yẹn, àti ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ

Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ààrẹ kan wà láti 1985, ní àkókò Reagan, tí wọ́n ń pè ní NSDD-189. Ogun tútù ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ẹ̀rù Soviet sì ń ba gbogbo wọn. Síbẹ̀ ohun tí ìlànà náà sọ ni pé, níbi tó bá ti ṣeé ṣe dé, kí èsì ìwádìí ìpìlẹ̀ wà ní gbangba láìsí ìdènà. Bí ìjọba bá rí ohun tó léwu gidi, kó lu òǹtẹ̀ àṣírí lé e. Láti inú rẹ̀ ni àwọn yunifásítì ti rí àbò tí wọ́n ń sá sábẹ́ rẹ̀ títí dòní: ìwádìí tó ń lọ ní yunifásítì, tí àwọn tó ń ṣe é fẹ́ tẹ̀ jáde, tí ẹnikẹ́ni kò sì dí wọn lọ́wọ́, ìmọ̀ inú rẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ.

Níbo ni pàkúté wà? Nínú "ẹnikẹ́ni kò dí wọn lọ́wọ́." Ká ní ilé-iṣẹ́ tó fún wọn lówó kọ ọ́ sínú àdéhùn pé, "Ẹ kò gbọdọ̀ tẹ ohunkóhun jáde àyàfi tí a bá gbà," tàbí pé, "Ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn kò gbọdọ̀ bá wọn ṣe é," tí ọ̀jọ̀gbọ́n sì fọwọ́ sí i láìronú. Àbò ti bọ́ lórí iṣẹ́ yẹn nìyẹn. Fáìlì tó jẹ́ ìmọ̀ ìpìlẹ̀ lánàá ti lè di ẹrù tó ń gba ìwé àṣẹ lónìí, bẹ́ẹ̀ kò sí lẹ́tà kan tó yí padà nínú rẹ̀. Àmọ́, bí olówó bá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ pátẹ́ǹtì má bàa tú, ìyẹn kò ba nǹkan jẹ́.

Àbò yìí kan ìmọ̀ nìkan o. Kò kan irin. Ẹ lè kọ gbogbo bí fíríìjì ṣe ń ṣiṣẹ́ sínú jọ́nà. Fíríìjì fúnra rẹ̀ ṣì máa gba àṣẹ.

Ohun kan tún wà tó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: ẹrù lè "jáde kúrò ní Amẹ́ríkà" láìkúrò nínú yàrá. Bí o bá fi ìmọ̀ tó wà nínú àkójọ han akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ìlú mìíràn, ojú tí òfin fi ń wò ó ni pé o ti fi ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ orí bọ́ọ̀dù lo kọ ọ́ sí níwájú rẹ̀. Àwọn tó kọ òfin 2024 mọ̀ pé bí àwọn bá fi ọwọ́ líle mú èyí, ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí kúáńtọ́mù ní Amẹ́ríkà yóò ṣófo, torí pé àjèjì pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi àyè gbígbòòrò sílẹ̀ kí iṣẹ́ má bàa dúró, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa kọ ìròyìn sílẹ̀ bó bá kan ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè kan.

Pé ìlà tó wà láàárín "ti tẹ̀ jáde" àti "kò tíì tẹ̀ jáde" jẹ́ ìlà tó ṣàjèjì, ẹ bi Phil Zimmermann. Ní 1991 ó ṣe PGP, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ti ímeèlì pa, ètò náà sì tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 1993, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí rẹ̀ bóyá ó ti kó ohun ìjà ránṣẹ́ sókèèrè láìgbàṣẹ, torí pé lábẹ́ òfin ìgbà náà, ohun ìjà ni irú àgádágodo bẹ́ẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n tẹ gbogbo kóòdù rẹ̀ sínú ìwé, MIT Press sì gbé e jáde ní 1995. Ìwé kì í ṣe ìbọn. Ẹnikẹ́ni lè rà á, kó gbé e lọ síbi tó bá wù ú, kó sì dá kóòdù náà padà sínú kọ̀ǹpútà. Ní 1996, ìjọba pa ẹjọ́ náà tì láìfẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Ta lo fẹ́ fún?

Ìbéèrè yìí ló dùn mí jù, torí pé àwọn ènìyàn gidi ló kàn.

Pan Jianwei, onímọ̀ físíìsì ará Ṣáínà, lọ kàwé ní Vienna ní Ọ́sítríà lábẹ́ onímọ̀ físíìsì Anton Zeilinger, ó sì gba oyè dókítà níbẹ̀ ní 1999. Ó padà sí Ṣáínà, ó kó ọmọlẹ́yìn jọ ní Hefei, ní University of Science and Technology of China. Ní 2016 wọ́n gbé sátẹ́láìtì Micius lọ sójú ọ̀run láti fi ìmọ́lẹ̀ kúáńtọ́mù pín kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Sátẹ́láìtì náà fún Beijing ní kọ́kọ́rọ́, ó fún Vienna ní tirẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 2017, ilé ẹ̀kọ́ gíga sáyẹ́ǹsì Ṣáínà àti ti Ọ́sítríà fi kọ́kọ́rọ́ yẹn ti ìpè fídíò kan pa láàárín ara wọn, nǹkan bíi kìlómítà 7,600 síra. Zeilinger jókòó sí Vienna, ọmọlẹ́yìn rẹ̀ àtijọ́ ló darí iṣẹ́ sátẹ́láìtì náà. Bí àjọṣe ìwádìí bá ní àwòrán, àwòrán rẹ̀ nìyẹn.

Ní oṣù Kọkànlá 2021, Amẹ́ríkà fi ilé ìwádìí ńlá kan ní Hefei sínú àkójọ àwọn tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ta ẹrù Amẹ́ríkà fún láìgbàṣẹ. Ní oṣù Kàrún-ún 2024, yunifásítì náà fúnra rẹ̀ wọ inú àkójọ. Zeilinger ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 2022, òun àti Alain Aspect pẹ̀lú John Clauser.

Àkójọ yìí gan-an ni àwọn ènìyàn ń ṣì lóye jù. Ẹrù, sọ́fítíwíà àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tí òfin Amẹ́ríkà ní agbára lé lórí ló ń dá dúró. Kò ní kí ẹnikẹ́ni má ka àpilẹ̀kọ wọn, kò ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó tì wọ́n níbi àpérò, ìmọ̀ tó sì ti wà ní gbangba kò sí lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ bí òjò ò bá tilẹ̀ rọ̀, ẹni tó rí ìṣúdẹ̀dẹ̀ á kó aṣọ wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò fẹ́ kí lọ́yà yunifásítì máa pè é á rọra fi ímeèlì Hefei sílẹ̀ láìdáhùn. Òfin kò kọ ọ́ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn, n kò sì rí ibi tí wọ́n ti ń ka irú àdánù bẹ́ẹ̀ mọ́ iye owó tí ààbò ń ná ayé.

Owó náà ní òfin tirẹ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kìíní 2025, ará Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ fi owó sínú àwọn iṣẹ́ kúáńtọ́mù kan ní Ṣáínà ní ìlànà tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, àwọn kan sì wà tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn rárá. Ní Yúróòpù, ìjà wáyé ní 2021 lórí bóyá kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Switzerland àti Ísírẹ́lì bá wọn dá sí àwọn iṣẹ́ kúáńtọ́mù kan nínú ètò owó ìwádìí Horizon Europe. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni gbogbo wọn o.

Àgádágodo tuntun

Ní gbogbo ìgbà tí àwọn kan ń kọ òfin láti dá ẹ̀rọ dúró, àwọn mìíràn ń ṣe àgádágodo tí ẹ̀rọ náà kò ní lè ṣí. Ní 2016, NIST, àjọ ìjọba tó ń ṣètò ìlànà ìwọ̀n àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, ké sí gbogbo ayé pé kí ẹni tó bá ní ọgbọ́n gbé e wá. Iṣẹ́ 82 ló dé ọ̀dọ̀ wọn, 69 ni wọ́n gbà wọlé fún ìyẹ̀wò. Gbangba ni wọ́n gbé wọn kalẹ̀ sí, ẹni tó bá lè fọ́ èyíkéyìí, kó wá fọ́ ọ. Wọ́n fọ́ ọ̀pọ̀. Ní 2022, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, àwọn onímọ̀ méjì láti Belgium fi kọ̀ǹpútà lásán ṣí ọ̀kan tó ń jẹ́ SIKE láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, ẹni kan kò sì dá wọn lẹ́jọ́. Ọpẹ́ ni wọ́n dú fún wọn. Kyber, èyí tó wá borí fún ìpààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan ló ti jáde, ọ̀pọ̀ wọn sì ń ṣiṣẹ́ ní Yúróòpù.

Ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ 2024 ni NIST gbé mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde, ọ̀fẹ́, kí ayé máa lò ó. Ọjọ́ 24 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, òfin kúbíìtì 34 jáde láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ṣọ́ ẹrù òkèèrè. Àjọ méjèèjì yìí, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò okòwò Amẹ́ríkà kan náà ni wọ́n wà.